Ẹsẹ̀ Bàbá Lórí Ìwé

Kí á tó kúrò nílé, Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ìwé,
ó ní kí n fi pẹ́ńsùlù yí i ká.
Ìka mẹ́rin.
Irin rélùwéè ti mú ìkarùn-ún lọ kí wọ́n tó bí mi.
"Bàtà awọ ni o, kì í ṣe rọ́bà,
kó má sì máa dún kò-kò-kà bíi ti lọ́yà."
Mo ká ẹsẹ̀ bàbá mi sí mẹ́rin,
mo fi í sáàárín ìwé ìrìnnà.

Hálífáàsì, oṣù kẹfà.
Oòrùn yọ bí àlejò tó jókòó tí kò ṣí fìlà.
Akínṣọlá wọ súwẹ́tà méjì, ó tún ń gbọ̀n.
Fadérera ní òun ò gbọ̀n, eyín òun ló ń sọ̀rọ̀.

A gun òkè lọ sí odi àwọn ọmọ-ogun àtijọ́.
Aago méjìlá géérégé, wọ́n yin àgbá.
Ọkọ mi, tó ti kìlọ̀ láti àárọ̀ pé ká má fòyà,
òun ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ sórí koríko.
Ọmọ-ogun kan tó ró yẹ̀rì
yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ọjà.
Kò sí iye tí ọkọ mi rí tí kò sọ di náírà.
"Fìlà yìí? Owó ilé oṣù méjì!
Ife tíì? Ìdajì àpò ìrẹsì nìyẹn!"
Ẹni tó ń tajà tẹrí ba, ó ṣe bí àdúrà ló ń gbà.
Mo ní, "Tí o bá ń ṣírò báyìí, omi gan-an a ò ní mu."
Ó wá ra mágínẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì kan,
àwòrán edé gìrìwò, ó sì bínú sí i dé etí omi.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa sọdá sí ìlú òdìkejì,
mo tú ìwé náà han àwọn ọmọ:
"Ẹ wá wo ẹsẹ̀ bàbá yín àgbà."
Atẹ́gùn ò tọrọ àyè.
Ó já a gbà bí olówó èlé.
Ìwé fò, ó yí, ó bà sórí omi,
ìka mẹ́rin níwájú,
ó ń rìn jẹ́jẹ́ tẹ̀lé ẹyẹ funfun kan.
Akínṣọlá kígbe: "Màámi, Bàbá àgbà ń lọ!"
A ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń ta bàtà bi mí: nọ́ńbà wo?
Nọ́ńbà wo.
Mo rántí abọ́ irin, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, iyọ̀ díẹ̀,
èmi ọmọ ọdún méje lórí ìkúnlẹ̀,
gìgísẹ̀ tó kún àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti dàgbà láti ìgbà náà.
Èmi náà wá ń ṣírò,
bí ọkọ mi ti ń ṣírò dọ́là.
Mo ki ọwọ́ bọ bàtà kan, mo pa ojú dé. Rárá.
Òmíràn. Rárá.
Ìkẹfà ni ọwọ́ mi dákẹ́ sí.
Ọkọ mi wo iye rẹ̀, ó la ẹnu, ó pa á dé.
Ó sanwó. Kò sọ ọ́ di nǹkan kan.

A padà délé. Bàbá wọ̀ ọ́, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ̀.
"Ó bá mi mu. Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún,
ti ẹni tí kò sí nílé ni.
Ìwé mi dà?"
Mo jẹ́wọ́.
Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́.
"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún ojú irin tó ń lọ sí etíkun ṣe,
mi ò fojú kan òkun rí.
Ó dáa
tí ọ̀kan nínú wa ti débẹ̀."